Ọ̀fìnkìn ọyẹ́: oyin, ata ilẹ̀ àti omi iyọ̀, kí ni ìwọ̀n wọn gan-an?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà béèrè:

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Eruku ń fẹ́ bí ẹni ń jọ èlùbọ́, imú gbogbo ilé sì ti ń ṣomi. Gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń sọ pé "mu ata ilẹ̀, lá oyin". Kò sẹ́ni tó ń sọ ìwọ̀n. Ata ilẹ̀ mélòó sí omi mélòó? Ìgbà wo la ń fi oyin sí i? Omi iyọ̀ tí wọ́n ní ká fi fọ ọ̀fun, báwo ni iyọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó?

Àwọn tó wà nílé: ọmọ ọdún méje, ọmọ oṣù mẹ́jọ, àti màmá àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ tún bá mi sọ bí kò ṣe ní máa ràn, torí bó bá ti mú ẹnì kan, àfi kó yí gbogbo ilé po kó tó lọ.

Apòògùn_Àdúgbò dáhùn:

Ẹ kú ilé, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí kẹ́nikẹ́ni má bàa tà yín lójà àìsí: kò sí oògùn tó ń pa ọ̀fìnkìn, ti òyìnbó ni o, ti ìbílẹ̀ ni o. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á lé ní 200, rhinovirus ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ara fúnra rẹ̀ ló ń lé e lọ láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ikọ́ tó bá sì tẹ̀ lé e lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹni tó ní àgbo òun ń wo ọ̀fìnkìn sàn ní ọjọ́ 7, tí ẹ kò bá mu àgbo náà rárá, ọjọ́ 7 ọ̀hún náà ni. Ìrọ̀rùn la ń wá. Ìrọ̀rùn sì wà lóòótọ́.

Ata ilẹ̀: ẹ mú tútù, kì í ṣe gbígbẹ, èyí tó gùn tó àtàǹpàkò àgbàlagbà. Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa, ẹ gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tàbí kí ẹ rìn ín. Ẹ gbé omi kọ́ọ̀pù 2, ìyẹn ìdajì lítà, kaná. Bó bá ti hó, ẹ dà á sí i, ẹ dín iná kù, ẹ dé e, kó máa rọra hó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá dúró kó tutù débi tí ètè gbà á. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó fún ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì fi oyin ṣíbí tíì 1 tàbí 2 sí kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀pù 2 sí 3 lójúmọ́ ti tó àgbà. Fún ọmọ ọdún méje, ẹ fi omi là á débi tí kò fi ní ta á lẹ́nu, ìdajì kọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan sì ti tó o.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á kó odindi ìdì ata ilẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á sè é fún wákàtí kan, wọ́n á wá mu ún lórí ikùn òfo. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú yóò sunkún. Wọ́n tún máa ń se ọsàn wẹ́wẹ́ tòun tèèpo, ó á korò, iná á sì jẹ fítámì C inú rẹ̀. Ní ti oyin, àwọn kan ń pariwo pé tó bá kan omi gbígbóná ó ti di májèlé. Irọ́ ni. Òórùn dídùn rẹ̀ ló ń lọ, ohun tí ẹ fowó rà sì ni.

Oyin fún ikọ́ kò tiẹ̀ nílò omi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lá a nígbà tó bá ku nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó sùn: ọmọ ọdún 1 sí 5, ìdajì ṣíbí tíì; ọdún 6 sí 11, ṣíbí tíì 1; ọdún 12 sókè, 2. Ńṣe ló ń bo ọ̀nà ọ̀fun tí ikọ́ ti há gbẹ.

ỌMỌ OṢÙ MẸ́JỌ KÒ GBỌDỌ̀ FẸNU KAN OYIN. Kì í ṣe díẹ̀, kì í ṣe orí ìka, kì í ṣe nínú ẹ̀kọ. Kóró bakitéríà kan lè wà nínú oyin, Clostridium botulinum lorúkọ rẹ̀. Ìfun àwa àgbà kò ní jẹ́ kó ráyè hù, ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12, ó lè hù kó sì máa tú májèlé tó ń rọ iṣan ọmọ títí kan èyí tó fi ń mí. Ẹ kò sì lè fi iná ilé ìdáná pa kóró náà.

Omi iyọ̀ fún ọ̀fun dídùn: ìdajì ṣíbí tíì sí kọ́ọ̀pù kan omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ bù ú sẹ́nu, ẹ gbé orí sẹ́yìn, kó máa hó gburu-gburu nínú ọ̀fun fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kẹ́ ẹ tu ú nù. Ẹ má gbé e mì, pàápàá màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́. Ọmọ ọdún méje náà lè ṣe é tó bá ti mọ omi í tu.

Ìyá_Eléwé dáhùn:

Apòògùn, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé ewé. Ẹni tó ní efinrin lẹ́yìnkùlé, kí ló ń wá lọ́jà?

Efinrin tútù ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ já a kúrò lára igi rẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ fọwọ́ ya á sínú jọ́ọ̀gì tàbí kọ́ọ̀pù ńlá. Ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e, kọ́ọ̀pù 2, kẹ́ ẹ sì DÉ E kíákíá. Ìṣẹ́jú 10, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ mu ún. Àwọn kan á gbé e kaná láìdé e, wọ́n á máa sọ pé "ilé mà ń ta sánsán o!" Òórùn yẹn gan-an ni agbára ewé náà. Èyí tó bá ti gba inú ilé kan kò sí nínú ìkòkò mọ́, omi ewéko lásán lẹ fẹ́ mu yẹn. Bákan náà ni koríko ọba: ewé 4 tàbí 5, ẹ ká a, ẹ so ó ní kókó, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 5 pẹ̀lú ìdérí.

Aáyù, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní gálíìkì: ẹyọ ọmọ rẹ̀ 1 tàbí 2 lójúmọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó tó kan iná tàbí omi gbígbóná. Ohun tó ń ta lójú nínú rẹ̀ kì í sí níbẹ̀ nígbà tó wà lódindi. Ìgbà tí ẹ bá fọ́ ọ ló ń ṣẹ̀dá ara rẹ̀, iná sì lè dí i lọ́wọ́. Ẹ má kì í bọ imú o! Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é lórí fóònù. Ó ń bó awọ inú imú bí ẹni fi omi gbígbóná sí i. Ikun tó wá ń rọ́ jáde kì í ṣe ọ̀fìnkìn tó ń jáde, imú ló ń sunkún.

Orógbó náà dára fún ọ̀fun tó há. Kíkorò rẹ̀ ń mú kí itọ́ sun, itọ́ yẹn ló sì ń rọ ọ̀fun. Ẹ rún ìdajì, ẹ má kánjú gbé e mì. Kò yẹ kéèyàn kó márùn-ún mì lẹ́ẹ̀kan kó lóun ń tọ́jú ara.

Ní ti oyin, ẹ má tan ara yín pẹ̀lú ìṣáná tàbí pé ẹ kán an sómi bóyá ó rì. Oyin tí wọ́n fi ṣúgà là dáadáa á yege àwọn ìdánwò yẹn. Èyí tó dì sí ìsàlẹ̀ ìgò kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Oyin gidi náà máa ń dì. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọwẹ́wẹ́ dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọmọ oṣù mẹ́jọ, torí òun ni kò lè sọ ohun tó ń ṣe é.

Ọmọ kékeré kì í mọ ẹnu í mí dáadáa tó bá ń mu ọmú. Bí imú bá dí, ó á mu ún lẹ́ẹ̀mejì, ó á já a, ó á bú sẹ́kún. Nítorí náà, imú ni kí ẹ là, kí ẹ sì ṣe é kó tó mu ọmú, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ (tó bá yó tán tí ẹ wá ń ti nǹkan bọ̀ ọ́ nímú, yóò bì).

Omi iyọ̀ ti imú yàtọ̀ sí ti ọ̀fun, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹ da omi inú ọ̀rá kan, 50cl, sínú ìkòkò mímọ́, kó hó yagba-yagba fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Omi inú ọ̀rá mọ́ tó fún mímu, kò mọ́ tó fún inú imú. Kòkòrò kan tó lè wà nínú omi tí a kò sè, imú ló ń gbà dé ọpọlọ. Ẹ dé e kó tutù. Ẹ wá fi iyọ̀ kúnná sí i: ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, ẹ dín ìdámẹ́rin rẹ̀ kù. Ìyẹn sún mọ́ gíráàmù 4.5, ó sì bá bí iyọ̀ ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa mu. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, yóò ta ọmọ. Bó bá kéré jù náà, yóò ta á, bí omi odò ṣe máa ń ta èèyàn nígbà tó bá ṣèèṣì fà á símú.

Ẹ gbé ọmọ dùbúlẹ̀, kí orí rẹ̀ rọra tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ kán ẹ̀kán 2 sí ihò imú kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ikun tó gan lè rọ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun: Ẹ TẸ Ẹ́ MỌ́LẸ̀ KÍ Ẹ TÓ fi ẹnu rẹ̀ kan ihò imú, kẹ́ ẹ wá rọra tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi símú kó tó tẹ̀ ẹ́ ń fẹ́ ikun padà sínú ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́ tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú imú á wú. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyá ìyá rẹ̀ fẹnu fa á. Kòkòrò ẹnu àgbà ni ọmọ á gbà ní pàṣípààrọ̀.

Àdín, epo pupa, òróró inú ìgò kékeré: ẹ má kán an sí imú ọmọ. Òróró kì í bá omi jáde. Tó bá yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, ó sì lè di òtútù àyà tí a kò tètè ní mọ orírun rẹ̀. Róbù àti àwọn ìpara gbígbóná bẹ́ẹ̀, ẹ má lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ má sì fi sí inú imú ẹnikẹ́ni, ọmọdé tàbí àgbà.

Ní báyìí, bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá ọ̀fìnkìn. Nígbà tí ọmọ bá dákẹ́ tàbí tó bá sùn, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo ikùn rẹ̀, kẹ́ ẹ ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2: 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Oṣù 2 sí 11: 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọdún 1 sí 5: 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tó bá ti dé ibẹ̀, tàbí tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú nígbà tó ń mí sínú, tàbí tó kọ ọmú pátápátá, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú ewé.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:

Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Ìbéèrè mìíràn: ṣé òjò àti omi tútù ló ń fa ọ̀fìnkìn lóòótọ́? Ṣé kí a máa ra fítámì C? Àti fífi aṣọ borí sórí omi gbígbóná ńkọ́?

Kòkòrò_Àìrí dáhùn:

Òtútù kò lè dá fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ní Salisbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ ní 1946 tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó ọ̀fìnkìn ran àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n mú kí àwọn kan nínú wọn wà nínú aṣọ tútù níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ọ̀fìnkìn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ mú wọn ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ ní 2005, àwọn olùwádìí ní Cardiff, nílẹ̀ Wales, kó èèyàn 180 jọ, 90 nínú wọn ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún 20 ìṣẹ́jú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, 13 nínú àwọn 90 elómi tútù ló ní ọ̀fìnkìn mú àwọn, nínú àwọn 90 yòókù, 5 péré ni. Èrò wọn ni pé òtútù ẹsẹ̀ ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú imú súnkì, fáírọ́ọ̀sì tó ti lúgọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá rí àyè. Ṣùgbọ́n wọn kò yẹ fáírọ́ọ̀sì wò nínú imú ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn náà ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nítorí náà, òjò kì í ṣe ọ̀daràn. Ó kàn lè jẹ́ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Fítámì C: láti ìgbà tí Linus Pauling, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ti polongo rẹ̀ ní 1970 ni ayé ti ń gbé e mì. Àbájáde ìwádìí tí wọ́n kó jọ ni pé lílò ó lójoojúmọ́ kì í dá ọ̀fìnkìn dúró fún gbogbo èèyàn, àmọ́ ó lè gé iye ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀, nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún fún àgbà. Èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí imú ti ń ṣomi, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Gúáfà ní fítámì C ju ọsàn lọ, ó sì dùn ju hóró oògùn lọ.

Oorun ni mo máa náwó lé, kò tiẹ̀ gbówó lọ́wọ́ ẹni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 nílẹ̀ Amẹ́ríkà kán rhinovirus símú èèyàn 164. Àwọn tó ń sùn dín sí wákàtí 6 lóru kó ọ̀fìnkìn ní ìlọ́po mẹ́rin ju àwọn tó ń sùn ju wákàtí 7 lọ.

Wolé_Wolé dáhùn:

Ti ríràn: ọwọ́ wà lára ohun tó ń gbé e, tí yóò wá gba imú tàbí ojú wọlé. Ọjọ́ 1 sí 3 lẹ́yìn tó bá wọ ara ló ń fara hàn, àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí imú ń ṣomi ló sì ń ràn jù. Ẹ wo bọ́ọ̀lù ìfọwọ́ tí a máa ń gbé kiri kí a tó jẹ ìyán. Bàbá á kọ́kọ́ fọwọ́, màmá á fọ, omi náà ni ọmọ tó kéré jù á wá fi fọ ọwọ́ tó máa ki bọ ẹnu. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀, kẹ́nì kan máa fi kẹ́tù da omi sí kálukú lọ́wọ́. Ọṣẹ, 20 ìṣẹ́jú-àáyá, kẹ́ ẹ má gbàgbé àárín ìka àti ẹ̀yìn àtàǹpàkò. Áńkáṣíìfù tó wà lápò láti àárọ̀ dalẹ́ náà, ilé ìṣúra ọ̀fìnkìn ni. Ìwé ìnumú tí ẹ máa jù nù ló dáa, tàbí kẹ́ ẹ sín sí ìgbọ̀nwọ́. Aṣọ ìnura lọ́tọ̀, kọ́ọ̀pù lọ́tọ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo imú tó ń ṣomi nínú ọyẹ́ ló jẹ́ ọ̀fìnkìn. Eruku yìí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, púpọ̀ rẹ̀ láti àfonífojì Bodélé ní Ṣáàdì. Bí imú bá ń yúnni, tí ojú ń yúnni, téèyàn ń sín léraléra, tí omi imú mọ́ lóló, tí ara kò gbóná, tó sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, eruku ni. Oyin kò ràn án. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbálẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù nu ún, kẹ́ ẹ sì fi òrí tín-ín-rín pa ETÍ ihò imú kó má bàa la. Etí rẹ̀ nìkan, ẹ rántí ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ.

Ará_Peckham dáhùn:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni ọyẹ́ tiwa. Ó ń gbẹ imú bákan náà. Ẹ sá aṣọ ìnura tútù sítòsí rẹ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀. Tí ẹ kò bá rí efinrin tútù, gbígbẹ inú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ṣì ń ṣiṣẹ́: ṣíbí ìjẹun kan ní ipò ẹ̀kúnwọ́ tútù.

Apòògùn_Àdúgbò:

Mo padà wá torí ooru àti màmá. Kíkún àyà àti imú máa ń rọ̀ díẹ̀ tí ooru bá kàn án, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí kò fi hàn pé ó ń mú un yá lọ, omi gbígbóná sì ti bó ọ̀pọ̀ ọmọ. Ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ìyá_Eléwé:

Apòògùn, kì í ṣe ooru ló bó wọn, ìkòkò tí wọ́n gbé lé itan ni.

Apòògùn_Àdúgbò:

Òótọ́ ni, Ìyá. Nítorí náà, fún àgbà nìkan: abọ́ tó wúwo, lórí tábìlì, kì í ṣe lórí itan tàbí ibùsùn. Ẹ sọ omi kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tó bá hó. Kí ojú jìnnà sí i tó rúlà kan, ẹ dijú, ìṣẹ́jú 5 ti tó. Ẹni tó ní ikọ́ fée kó fi í sílẹ̀.

Màmá: ata ilẹ̀ àti aáyù inú ọbẹ̀ kò ṣe nǹkan. Bó bá ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bíi warfarin tàbí aspirin, kó má mu àgbo aáyù kíkan, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdá. Kó má ra oògùn kátà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà tó ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Àwọn oògùn kátà yẹn kan náà máa ń ní parasitamó nínú, ẹ kà á mọ́ èyí tí ẹ ti lò. Oníhóró 500mg kò gbọdọ̀ ju 8 lọ fún àgbà láàárín wákàtí 24.

Kápúsù pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń tú sínú ẹ̀kọ, bakitéríà ló wà fún, kò mọ fáírọ́ọ̀sì. Ikun tó di àwọ̀ ewé kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ nílò rẹ̀. Bí ara bá sì gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan lórí ìka, kò tó ìdajì wákàtí. Ibà kì í mú imú ṣomi, àmọ́ àwọn méjèèjì lè jọ wà lára ẹnì kan.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:

Ó yé mi wàyí. Ẹyọ kan ló kù: ṣé mo lè sè é sílẹ̀ sínú fíríìjì?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọwẹ́wẹ́:

Ata ilẹ̀ tí ẹ ti sẹ́, ọjọ́ 2 nínú fíríìjì, láìfi oyin àti ọsàn sí i. Ìgbà tí ẹ bá gbóná rẹ̀ tán lẹ máa fi wọ́n sí i. Omi iyọ̀ imú, wákàtí 24 péré, nínú ìgò tí ẹ ti sè. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ṣe é sára rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá rántí ìgbà tí ẹ ṣe é, ẹ dà á sídìí efinrin Ìyá Eléwé. Rárá, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ dà á sí gọ́tà.